Ta Ló Ni Ilé Ìdí-Àbà Yẹn?

Ìpàdé kọ́ ló yẹ kó ba ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́rù. Ilé yẹn ni.

O kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta níbí pé gbèsè ti wọ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́rùn ní Houston, ó ti kó ìwé lọ sí kóòtù pé apá òun ò ká a mọ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí yóò jókòó níwájú àwọn tó jẹ lówó. O fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á jágbe mọ́ ọn, bóyá wọ́n á dójú tì í, àti irú aṣọ tó yẹ kó wọ̀. Lẹ́yìn náà lo wá há gbólóhùn kan sáàárín àdúrà: "Ilé wọn tó wà ní Ìdí-Àbà ti wà lórúkọ mi, oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lọ sí kóòtù la ti ṣe ìwé rẹ̀, torí náà ìyẹn ò sí níbẹ̀."

Kò sí níbẹ̀ kẹ̀? Ta ló sọ fún ẹ?

Jẹ́ kí n yára dáhùn èyí tí o béèrè. Orí 7 òfin gbèsè wọn, èyí tí wọ́n fi ń ta dúkìá onígbèsè tó bá ṣeé tà san gbèsè kí wọ́n tó pa ìyókù rẹ́, lo ní ó gbà lọ sí kóòtù, láàárín ọjọ́ 21 sí 40 lẹ́yìn ìyẹn sì ni ìpàdé náà máa ń wáyé. Adájọ́ kì í sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó dúkìá onígbèsè ló ń darí rẹ̀, orí Zoom ni wọ́n sì ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí. Yóò fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, yóò búra, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀. Báǹkì àti àwọn oníkáàdì kì í sábà yọjú. Wọn kì í ṣe òṣómàáló tí yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kó wọ aṣọ tó mọ́.

Ó yá, ká padà sí Ìdí-Àbà.

Lẹ́yìn ìbúra, wọ́n á bi í pé: ṣé gbogbo dúkìá rẹ lo kọ sílẹ̀? Ṣé o ta nǹkan, àbí o fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Ibi yòówù kí dúkìá náà wà láyé, ọwọ́ ẹni yòówù kó wà, òfin Amẹ́ríkà ní kó kọ ọ́. Ìwé tó fọwọ́ sí béèrè ohun tó ti yí kúrò lórúkọ rẹ̀ láàárín ọdún 2 sẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin péré ni tiyín! Tí wọ́n bá rí i pé láàárín ọdún 1 kó tó lọ sí kóòtù ló gbé dúkìá pamọ́ kí ọwọ́ àwọn tó jẹ lówó má bàa tó o, wọ́n lè kọ̀ láti pa gbèsè náà rẹ́. Tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ búra èké, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5.

Wàá ní báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹni tó kọ irú lẹ́tà yìí sí mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí àbúrò tó wà nílé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú ẹ̀. Wọ́n á gba ìwé báǹkì rẹ̀. Owó bíríkì, owó páànù, owó káfíńtà, ìwọ lo sọ pé ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Ìwọ náà lo tún kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ lówó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, tó wá jẹun níbi ìṣílé. Ọkùnrin yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ìpàdé kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Kí lo rò pé ó máa béèrè?

Inú sì bí mi sí ìwọ náà. Àgbàlagbà ni ẹ́. Wọ́n gbé ìwé ilé síwájú rẹ, o ò san kọ́bọ̀, o ò bi lọ́yà kankan, o fọwọ́ sí i.

Pe ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí. Kó sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé: ilé náà, ọjọ́ tí ẹ ṣe ìwé, àti pé o ò san nǹkan kan. Ìwé tó wà ní kóòtù ṣì ṣeé tún ṣe. Lọ́yà lè wò ó bóyá orí 13, tí onígbèsè ti ń san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 3 sí 5, ló máa jẹ́ kí ilé náà ṣẹ́ kù. Ìwọ, má sáré lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn lọ yí orúkọ padà, má sì tà á, títí lọ́yà yóò fi sọ̀rọ̀. Fi ẹ̀dà ìwé tí o fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí i.

Màmá yín tó ń gbé inú ilé ọ̀hún ńkọ́, ṣé wọ́n tilẹ̀ mọ̀? Sọ fún wọn.