Ṣé atẹ́gùn tó ń yí abẹ̀bẹ̀ òpó afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná, náà ló ń mú jẹnẹrétọ̀ orí rẹ̀ tutù?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá o. Inú àpótí tí wọ́n dé pa lórí òpó ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ká ní ó ń gbé 2,000 kílówáàtì jáde, tí 60 sì di ooru: bí ẹni tan 50 áyọ́ọ̀nù sínú yàrá kan ni! Fáànù tó àwọn kékeré. Àwọn ńlá ń lo omi tó ń yí kiri lára wọn, radiétọ̀ á wá tú ooru rẹ̀ síta, bíi ti mọ́tò. Lójú òkun, wọ́n ń dí àpótí náà pa kí iyọ̀ má baà wọlé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, eruku ọyẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ì bá bà mí. Ẹ ṣáà tú jẹnẹrétọ̀ ilé yín wò. Bí wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ bá gbóná jù, fáníìṣì tí wọ́n fi bo ara wáyà náà á jó, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ká wáyà nìyẹn.