Abẹ́rẹ́ ibà eégbọn nìkan lè má tó

Ẹ ṣàlàyé pé wọ́n gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ ibà eégbọn ní oṣù méjì sẹ́yìn, pé ara rẹ̀ yá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀ báyìí, kò sì fẹ́ jẹun. Ẹ wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni abẹ́rẹ́ náà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Irú èyí ló pa ajá Alusésíánì tí mo kọ́kọ́ sìn ní Ìbàdàn.

Eégbọn lè gbé ju kòkòrò àìsàn kan lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Babesia ni ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó sì ń fọ́ ọ, tí èrìgì ajá fi ń funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ fi ń dúdú bí omi tíì. Òun ni abẹ́rẹ́ diminazene tí wọ́n sábà máa ń gún ń bá jà. Ehrlichia yàtọ̀: inú sẹ́ẹ̀lì funfun ni ó ń sá pamọ́ sí, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura, kí ó tó wá dín àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù débi pé imú yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Diminazene kò ràn án.

Dókítà ẹran kọ doxycycline, oògùn tí ń bá Ehrlichia jà, fún ọjọ́ 28 fún ajá mi ìgbà náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ti ń fò mọ́ géètì, mo bá tọ́jú oògùn tó kù pamọ́ di ìgbà mìíràn, mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé mo mọ owó ṣọ́. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì yọ lábẹ́ awọ ikùn rẹ̀. Dókítà sọ pé mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí àìsàn ajá mi ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gún ohunkóhun. Etí rẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò, wọ́n sì kán díẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan. Àìsàn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó tó 37 ó kéré tán. Wọ́n gún imidocarb, abẹ́rẹ́ mìíràn tí ń bá Babesia jà, lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ 14 sì wà láàárín wọn. Nítorí pé kílò 30 ni ajá náà wọ̀n, ó ń lo doxycycline mílígíráàmù 300 lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, torí pé bí inú bá ṣófo ni ó ń bì í. Lọ́tẹ̀ yìí mo ka ọjọ́ 28 náà pé lára kàlẹ́ńdà.

Ibi tí mo ti ṣìnà jù ni ilé fúnra rẹ̀. Mo ń já eégbọn létí ajá ní alaalẹ́, bẹ́ẹ̀ abo tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó máa ń já bọ́, á gun ògiri lọ sínú ihò, á sì yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Mo tú ilé ajá, mo dáná sun pákó rẹ̀, mo fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú ògiri tó sán, mo sì sanwó fún ẹni tó mọ oògùn fín. Ajá wá ń jẹ oògùn oníhóró tí ń pa eégbọn, ẹyọ kan lóṣù, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀tápíápíá wẹ̀ ẹ́. Mo dán an wò rí: kò pé wákàtí kan tí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ atropine ni wọ́n fi dá a padà.

Ní ti ajá yín, ẹ gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ mú káàdì tí wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má jẹ́ kí ó sáré tàbí kí ó bá ajá mìíràn jà, ẹ má sì fún un ní ibuprofen tàbí parasitámọ̀.