Ẹ Má Tíì Ta Síńgà Bàbá Yín Fún Onírin Àlòkù

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí. Láti ìgbà tí mo ti ṣèèṣì dárúkọ máṣíìnì ìránbàtà tó wà ní ẹ̀yìnkùlé mi, kò tún sẹ́ni tó bi mí léèrè bùbá àti ṣòkòtò mọ́, awọ ni gbogbo yín ń bá mi sọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Bàbá tó bí mi ló ń tún bàtà ṣe, èmi wá ń fi ọjọ́ ogbó jí àwọn máṣíìnì tí wọ́n fi ń rán awọ láyé àtijọ́ dìde. Mẹ́rin ló wà nílé báyìí. Ọkọ mi ní tí ìkarùn-ún bá wọlé, òun á jáde.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí bàbá wa tó ń ṣe bàtà ti papò dà. Síńgà 29K, máṣíìnì ìránbàtà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ní kí n yí wíìlì rẹ̀, kò mì rárá. Àbúrò mi ní ká gbé e fún àwọn onírin àlòkù tó ń fi kílò rà á. Aládùúgbò wa ní ká da òróró ẹ̀pà sí i, ká wá máa fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?
Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn, kẹ́ ẹ sì tètè gba òòlù lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Irin dídà ni ara máṣíìnì yẹn. Irin dídà kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán, tó bá sì ti kán, ẹ ó wá alájórin tó lè jó o kó tún gún régé títí. Ní ti òróró ẹ̀pà, ó lè jẹ́ irú rẹ̀ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Òróró tá a fi ń dín àkàrà máa ń gbẹ mọ́ irin, á wá le bí oje igi. Púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì tí wọ́n gbé wá bá mi pé ó ti kú, epo àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn nínú, kò sí nǹkan kan tó kán.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ yí po. Ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ yọ bọ́bììnì. Ẹ wá tan iná wo ibi tí ṣọ́tù, irin kékeré tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀, ń gbà kọjá ní ṣóńṣó apá máṣíìnì náà, nítorí òwú tó ká mọ́ ibẹ̀ nìkan tó láti de gbogbo máṣíìnì mọ́lẹ̀. Mo ti fi ìfà irun ojú fa òwú tó gùn tó apá mi jáde níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, kẹrosíìnì. Síríńjì ni mo fi ń fún un, èyí tó gba mílílítà márùn-ún, mo máa ń ti gé ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù kó má gún mi. Gbogbo ihò kéékèèké tẹ́ ẹ bá rí lára rẹ̀, ihò epo ni, ẹ fún un sí i. Ibikíbi tí irin méjì bá ti ń fara kanra, ẹ fún un síbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá gbé orí máṣíìnì sínú oòrùn láti nǹkan bí aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta. Dúdú ni, irin ni, ẹ ó rí i bí yóò ṣe gbóná tó, ooru yẹn ló ń rọ epo gbígbẹ. Lálẹ́, ẹ di wíìlì mú, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn, pẹ̀lú agbára tẹ́ ẹ fi ń ṣí ìdérí ìgò, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá gbọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn gba ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹfà, wíìlì lọ síwájú ní ìwọ̀n fífẹ̀ èékánná, ó dúró. Mo fà á padà, ó tún lọ ní ìwọ̀n èékánná méjì. Mo pariwo débi pé ọkọ mi sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wíìlì ti ń yí ká, omi dúdú sì ń kán jáde lábẹ́ rẹ̀ bí àgbo. Ẹ máa fún kẹrosíìnì sí i, kẹ́ ẹ máa yí i, títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́. Ẹ má wá dúró síbẹ̀ o! Kẹrosíìnì á gbẹ, á sì fi irin sílẹ̀ ní ìhòòhò. Epo máṣíìnì gidi, èyí tó funfun bí omi, ló gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ tú ìdè (síkúrù), ẹ rí i pé ẹnu síkúrúdiráfà kún inú ojú ìdè náà dáadáa. Mo ní mẹ́ta tí mo lọ̀ létí fún iṣẹ́ yìí nìkan. Tí ẹnu rẹ̀ bá kéré, á ba ojú ìdè jẹ́, ìdè Síńgà kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa rí rà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìṣó ní ìkóríta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ mà. Máṣíìnì tí mo rà ṣì ń dán, àmọ́ ìdọ̀tí ti bo òdòdó góòlù ara rẹ̀. Kí ni kí n fi nù ún?
Aránbàtà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, kó má ṣe jẹ́ sípíríìtì. Ojú mi ti rí i.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, kò sì sí ohun tí n kì í fi sípíríìtì nù. Nígbà tí mo ra Síńgà mi àkọ́kọ́, tí òdòdó góòlù yí i lọ́rùn ká bí ìlẹ̀kẹ̀, mo da sípíríìtì sí òwú, mo nù ún bí mo ṣe ń nu apá ọmọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Mo wo òwú náà, ó pọ́n rúsúrúsú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, inú mi dùn, mo tún nù ún. Èyí tó tẹ̀ lé e wá ń dán. Góòlù ni mo ń nù dànù. Kí n tó mọ̀, "SI" nìkan ló kù nínú SINGER, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pe máṣíìnì náà ní Síì.

Lẹ́yìn tí mo sunkún tán ni mo tó wádìí. Ohun tí wọ́n fi bo òdòdó yẹn kó má baà há ni ṣẹ́láàkì, kòkòrò kan ló ń pọ̀ ọ́n sára igi, sípíríìtì ni wọ́n sì fi ń pò ó kí wọ́n tó kùn ún. Ohun tí sípíríìtì pò, sípíríìtì náà ló ń tú u. Epo máṣíìnì ni kẹ́ ẹ fi nù ún, pẹ̀lú àkísà òwú tó rọ̀ bí aṣọ ìkókó. Ẹ rọra máa yí ọwọ́ lórí rẹ̀, ẹ nù ún kúrò, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Á pẹ́. Lára irin funfun tó ti ní ìpáàrà, tí kò ní ọ̀dà kankan lórí, ẹ lè fi irun irin tó kúnná jù lọ pẹ̀lú epo fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìfọkòkò o.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Manchester, mo wá fẹ́ máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe bẹ́líìtì àti báàgì awọ. Mo rí Síńgà 29K kan àti 45K kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye wọn ò jìnnà síra. Èwo ni kí n rà? Kí sì ni K tó wà lára wọn?
Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

ÌDÁHÙN: K náà ni Kilbowie, ní Clydebank lọ́hùn-ún ní Scotland, níbi tí Síńgà kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí láàárín 1880 sí 1890. Ọdún 1980 ni wọ́n tì í pa. Wọ́n ti wó o, àmọ́ ibùdó rélùwéè tí wọ́n sọ ní Singer ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí ẹ lè lọ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ máa rà, ẹ jẹ́ n sọ bí 29K ṣe ń rìn. Kò ní eyín lábẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ lọ bíi ti máṣíìnì ìránṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lókè ló ní eyín: á tẹ awọ mọ́lẹ̀, á fà á, á gbẹ́sẹ̀, á tún padà. Ẹsẹ̀ yẹn sì ń yí ká pátápátá, síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi lè rán ẹnu bàtà yí po láìyí bàtà náà padà, òrùka tó wà lókè orí máṣíìnì ló ń yí. Apá rẹ̀ wá tín-ín-rín débi pé ó ń wọ inú bàtà ọmọdé. Fún àtúnṣe, n kò tíì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì lẹ sọ. Ẹsẹ̀ eléyín yẹn máa ń ṣá awọ lójú, ìlà gígùn kì í fẹ́ẹ́ tọ́ lábẹ́ rẹ̀, bọ́bììnì rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ ò ní tíì rán bẹ́líìtì kejì tán kí òwú inú rẹ̀ tó tán.

45K ni kẹ́ ẹ rà. Eyín rẹ̀ wà lábẹ́, ó ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ gidi, ó ń gba òwú tó nípọn, ìlà rẹ̀ sì ń tọ́. Ẹ kàn mọ̀ pé kò fẹ́ràn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì wá ẹni méjì tí yóò bá yín gbé e gun àtẹ̀gùn.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lára 29K, ẹ mú awọ tiyín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó ṣí ìrìn rẹ̀, ìyẹn gígùn ojú ìrán, dé òpin, kẹ́ ẹ rán ìlà kan, kẹ́ ẹ wá fi rúlà kà á. Tí ojú ìrán márùn-ún tàbí mẹ́fà bá wà nínú ínǹṣì kan, ó ṣì gbádùn. Tó bá ti di mẹ́wàá, àwọn irin tó ń gbé ẹsẹ̀ rìn ti jẹ nìyẹn, kò lè na ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ. Ojú ọ̀dà kì í rán awọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ra Síńgà. Máṣíìnì kékeré ti Ṣáínà tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni mo rà. Ó ń já òwú ṣáá. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Wọn ò rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi, iṣẹ́ tí kò tíì parí ni wọ́n tà fún ọ. Bí wọ́n ṣe yọ irin náà látinú ẹ̀rọ ìdárin ni wọ́n tò ó, etí rẹ̀ ṣì mú. Ìwọ ni wàá parí iṣẹ́ náà.

Wá òwú ilé ìwòsàn díẹ̀, lọ́ ọ tẹ́ẹ́rẹ́, kí o sì fà á gba gbogbo ibi tí òwú ń gbà, láti ibi tí wọ́n ń gbé òwú lé dé ojú ihò abẹ́rẹ́, àti lára ṣọ́tù pàápàá. Ibi tí òwú náà bá ti há, tó fi irun sílẹ̀, ibẹ̀ ló ń já ọ lówùú. Fi sáńpépà tó kúnná jù lọ ra ibẹ̀ títí òwú yóò fi yọ̀ kọjá. Wo abẹ́rẹ́ rẹ náà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ ló ń gé awọ, ti aṣọ kàn ń tì í ni. Òwú náílọ̀nù nọ́ńbà 69 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má tíì sún mọ́ 138 o, abẹ́rẹ́ 22 tàbí 23 nìyẹn ń béèrè, ọwọ́ rẹ kò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Tí bọ́ọ̀sì bá gbé ọ kọjá Ọ̀yọ́, yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ. Jókòó ti ẹni tó ń fi ìlu àti abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán tìmùtìmù, kí o wo bó ṣe ń fa okùn kọ̀ọ̀kan le ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí máṣíìnì ń gbìyànjú láti ṣe gan-an nìyẹn, wàá sì mọ ìgbà tí tìrẹ bá ń purọ́ fún ọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ wo fọ́tò 29K mi. Mo fẹ́ fi mọ́tò sí i kó lè yá. Ẹ gbà?
Òǹkàwé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: N kò gbà. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń dè sábẹ́ tábìlì máa ń yí ju ìgbà 1,400 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ tó ń fò sókè sódò lórí máṣíìnì yín kò sì lè fara da ìwàǹwára yẹn. Ẹ fẹ́ rán etí bàtà, ẹ sì fẹ́ kó yá, ọmọ ìka yín ni yóò san án. Ẹlẹ́sẹ̀, èyí tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ló dára jù fún un, tó bá sì kan kọ́nà, ọwọ́ lórí wíìlì, ojú kan lẹ́ẹ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ná owó náà, ẹ lọ ra okùn awọ tuntun tó ń so wíìlì òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Èyí tó wà nínú fọ́tò yín ti là sí méjì, wáyà iná ni wọ́n sì fi dì í.