Báwo Ni Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Kọ́ Ara Rẹ̀ Nínú Kòkòrò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, okun o. Lóko àgbàdo wa ní Ìsánlú, mo rí kòkòrò ajẹwé kan tó kú, tó rọ̀ dorí kodò lára ewé, tí ara rẹ̀ ti di omi. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ló pa á. Báwo ló ṣe ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Okun o. Baculovirus, irú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa kòkòrò, ni a mọ̀ mọ irú ikú yìí. Inú núkílíọ́ọ̀sì, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú DNA rẹ̀ sí, ló ti ń kọ́ ara rẹ̀; ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìta yàrá náà ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì, àfi kí purotéènì fáírọ́ọ̀sì gba àwọn ihò tíntìntín ara ògiri rẹ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ní àmì kan lára, tí àwọn purotéènì kòkòrò fúnra rẹ̀ ń dá mọ̀, tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gbé wọn wọlé. Níbẹ̀ ni VP39, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà, ti ń so pọ̀ di ọ̀pá tó ń gba DNA fáírọ́ọ̀sì sínú. Polyhedrin, purotéènì fáírọ́ọ̀sì mìíràn, a wá dì gbagidi yí ọ̀pọ̀ ọ̀pá náà ká. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù: ìdì náà ń dáàbò bo fáírọ́ọ̀sì lórí ewé, títí kòkòrò mìíràn yóò fi jẹ ẹ́, tí omi ikùn rẹ̀, tó ní ìwà omi eérú, yóò sì tú u.