Èsì: Ṣé àdúgbò wa ní Mushin lè ṣètò oúnjẹ tiwa?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, àǹtí mi, ṣùgbọ́n oko tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dá yẹn, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ jàre, ibo lẹ ti fẹ́ rí ilẹ̀ ní Mushin? Ẹ kọ́kọ́ dáwó jọ, kí ẹni méjì tó mọ ọjà ná lọ sí ọjà Mile 12 ní ìdájí, kí wọ́n ra odidi apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò ẹ̀wà, kí ẹ wá pín in nílé. Ẹ yẹ apẹ̀rẹ̀ yẹn wò dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó o, èyí tó pupa dán ni wọ́n máa ń kó sókè, tìsàlẹ̀ á ti máa jomi.

Tòmátì yẹn náà, Kano àti Kaduna ló ti ń gun lọ́rì bọ̀, ṣé ẹ rántí 2021 tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá oúnjẹ dúró, tí ojú ata wá wọ́n wa? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ wá àgbẹ̀ tó súnmọ́ wa ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tó bá ti mọ̀ pé ẹ ó máa rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ láti gbìn. Nílé, ẹ̀fọ́ ugu nìkan tó yín, ẹ lu ihò sídìí àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ gbìn ín sínú ẹ̀, á gun fẹ́ǹsì fúnra ẹ̀.

Lórí owó ni ìjà máa ń wà, ẹni tó ń gbà á ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ná an. Àwọn ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà yín ńkọ́? Ẹ pè wọ́n mọ́ ọn, àwọn ló mọ ọjà jù yín lọ.