Fọ́ọ̀mù ìyá àti fọ́ọ̀mù ọmọ kò bára mu: ta ni kí dókítà gbà gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 14, jẹ́nótáìpù SS ni. Leeds ní England la ń gbé. Nígbà tí a lọ rí dókítà rẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kékeré kan pé kó máàkì bí ara rẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì fún èmi náà ní irú rẹ̀. Níbi ìrora, “púpọ̀” ni mo máàkì, òun máàkì “díẹ̀”. Níbi ìdààmú àti ìbànújẹ́, mo máàkì pé kò sí, òun máàkì “púpọ̀”! Ó dùn mí gan-an. Èmi tí mò ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ṣé n kò mọ ìrora ọmọ mi ni? Ta ni dókítà máa gbà gbọ́? Bùrọ́dà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní ìdáhùn ọmọ náà kò já mọ́ nǹkan kan, pé àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ń sọ iye tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́, pé iye yẹn nìjọba sì ń wò kó tó sanwó oògùn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mọ́mì. Ọlọ́run á wò ó sàn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi rántí nǹkan kan: ṣé ẹ ka ìlà tó wà lókè fọ́ọ̀mù yẹn? Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ EQ-5D-Y, èyí tí EuroQol, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan, ṣe fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Ìbéèrè márùn-ún ló wà níbẹ̀: rírìn káàkiri, títọ́jú ara ẹni, ṣíṣe ohun tí ọmọ máa ń ṣe lójoojúmọ́, ìrora tàbí ara ríro, àti ìdààmú, ìbànújẹ́ tàbí àìláyọ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò sí, díẹ̀, púpọ̀. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé bí ara ṣe rí LÓNÌÍ ni àwọn ń béèrè. Wọn ò béèrè ti oṣù tó kọjá, wọn ò sì béèrè ti òru tí ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Àìsàn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀. Ọjọ́ tí kíráísìs bá dé, ilé á dàrú. Ọjọ́ tí kò bá dé, ọmọ á gbé báàgì lọ sílé ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ rí dókítà yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọjọ́ yẹn ló dáhùn fún. Ẹ̀yin dáhùn fún gbogbo òru tí ẹ ti fi àga ṣe ibùsùn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́, àmọ́ tirẹ̀ ló bá ohun tí wọ́n béèrè mu.

Ti ìbànújẹ́ yẹn ló yẹ kó gbà wá lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń gbé fọ́ọ̀mù òbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ, ohun tí wọ́n sì máa ń bá pàdé nìyí: lórí ohun tí ojú lè rí, bí ìrìn ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, lórí ohun tó wà nínú ọkàn, ó máa ń jìnnà. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé láti ọmọ ọdún 8 ni wọ́n ti ń ní kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ máàkì EQ-5D-Y. Àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7 ni òbí ń dáhùn fún. Ọmọ ọdún 14 kò nílò agbẹnusọ.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Mo jókòó tì í, mo di bírò mú, mo ń ka ìbéèrè fún un lójú bàbá rẹ̀ pé kí iṣẹ́ lè yá. Ti ìrìn, ó dáhùn wéré. Nígbà tí mo dé orí ìbànújẹ́, ó gbójú sókè, ó wo bàbá rẹ̀, ó tó ní “kò sí”. Mo máàkì “kò sí”. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá a níbi tó ti da aṣọ bojú tó ń sunkún, pé ìdánwò ń lọ ní kíláàsì àwọn, àwọn ọ̀rẹ́ òun á ti kúrò níbẹ̀ kí òun tó padà. Fọ́ọ̀mù mi ti wà nínú fáìlì nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bùrọ́dà yín. Kò parọ́, àmọ́ ọbẹ̀ méjì ló dà pọ̀ sínú abọ́ kan. Sísọ bí ara ṣe rí, iṣẹ́ kan nìyẹn. Sísọ bí ohun tí wọ́n sọ ṣe burú tó, iṣẹ́ mìíràn ni. Èyí àkọ́kọ́, ọmọ yín ló ṣe é. Èyí kejì, òótọ́ ni pé àwọn àgbà ni wọ́n sábà máa ń bi.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ìbéèrè márùn-ún, ìdáhùn mẹ́ta-mẹ́ta, ó fún wa ní oríṣi ipò ara 243. Kí wọ́n lè fi wọ́n díwọ̀n àǹfààní oògùn, wọ́n ní láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìlera pípé jẹ́ 1, ikú jẹ́ 0, ipò mìíràn sì wà tí àwọn èèyàn gbà pé ó burú ju ikú lọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ á wọ ìsàlẹ̀ òdo. Wọ́n á wá bi ẹnì kan pé: “Ọdún 10 nínú àìsàn yìí, àbí ọdún 9 nínú ìlera pípé, èwo lẹ fẹ́?” Wọ́n á máa dín in kù títí dé ibi tí kò ti ní lè yàn mọ́. Bó bá jẹ́ pé orí ọdún 7 ló ti ní “bákan náà ni méjèèjì”, 0.7 ni nọ́ńbà ipò yẹn.

Fún fọ́ọ̀mù àwọn ọmọdé, ìlànà tí EuroQol tẹ̀ jáde ní 2020 ní kí wọ́n bi àwọn àgbà, kí wọ́n sì ní kí àgbà náà fọkàn ro ọmọ ọdún 10 kan. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tí wọ́n ń bi. Ọmọ ọdún 10, ọdún mélòó lẹ fẹ́ gé kúrò nínú ayé rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè yá? Ṣé ẹ rí i, ọwọ́ á wọ́. Ẹni tó lè fi ọdún mẹ́ta ayé tirẹ̀ tọrẹ kí ìrora lè lọ, kì í fẹ́ fọwọ́ kan ti ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, ipò kan náà sábà máa ń gba nọ́ńbà tó ga jù bó bá jẹ́ ti ọmọdé ju bó bá jẹ́ ti àgbà. Ó jọ àánú, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń bí: bí nọ́ńbà àìsàn bá ti sún mọ́ 1 jù, oògùn tó mú ọmọ náà lára dá kò ní dà bíi pé ó ṣe nǹkan ńlá. Àánú àgbà lè wá sọ àǹfààní oògùn ọmọdé di kékeré lórí ìwé. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ló pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé bí wọ́n bá bi àwọn ọ̀dọ́langba fúnra wọn, èsì á yàtọ̀? Ó yàtọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Ọsirélíà, ọ̀jọ̀gbọ́n Julie Ratcliffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n lò, CHU-9D, tí Katherine Stevens ṣe ní Yunifásítì Sheffield. Kò jìnnà sí yín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé gan-an ni Stevens gbọ́ kó tó kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ohun tí àgbà lè má rántí láé níbẹ̀: ṣé inú ń bí ọ lónìí, ṣé ó ti rẹ̀ ọ́, báwo lo ṣe sùn lánàá, ṣé o rí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ ṣe. Wọn ò bi àwọn ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ ikú rárá, torí kò dáa kéèyàn máa bi ọmọ ọdún 11 pé ọdún mélòó ló fẹ́ fi sílẹ̀. Wọ́n gbé àpèjúwe kan síwájú wọn pẹ̀lú ohun mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, wọ́n ní: èwo ló dáa jù níbẹ̀, èwo ló burú jù? Wọ́n bi àwọn àgbà náà bákan náà.

Nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 2016, ohun tó wà níbẹ̀ jọ ìjà ẹ̀yin àti ọmọ yín. Ìrora tó le ló wúwo lójú àwọn àgbà ju bó ṣe wúwo lójú àwọn ọ̀dọ́langba. Ìdààmú, ìbànújẹ́ àti inú bíbí ló wúwo lójú àwọn ọ̀dọ́langba ju bó ṣe wúwo lójú àwọn àgbà. Mọ́mì, ẹ tún un kà.

Àwọn tó ní àgbà ló yẹ kí wọ́n bi ní àlàyé tiwọn. Owó orí àwọn àgbà ni wọ́n fi ń ra oògùn NHS, ètò ìlera ìjọba. Wọ́n tún ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo gbọ́. Àmọ́ àkísà wo là ń sọ? Lórí kíráísìs, lórí abẹ́rẹ́, lórí kéèyàn máa pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń lọ, àkísà ọmọ yín ti pọ̀ ju ti àgbà onílera tí wọ́n bi ní ìbéèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì. Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti 1989, náà sọ ọ́ ní ẹsẹ kejìlá pé kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ lórí ọ̀ràn tó bá kàn án, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí àti òye rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ọ̀dọ́langba yẹ kó wà lára àwọn tí wọ́n ń bi. N ò ní kí wọ́n lé àwọn àgbà lọ.

Kò sì yẹ kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa fọ́nnu. Ní Hamilton, ní Kánádà, Saroj Saigal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpèjúwe àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara fún dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́langba pé kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà; àwọn kan lára àwọn ọ̀dọ́langba náà kò tó kìlógíráàmù kan nígbà tí wọ́n bí wọn. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Àwa dókítà àti nọ́ọ̀sì la fún àwọn ipò tó le jù ní nọ́ńbà tó kéré jù. Àwọn òbí àti ọ̀dọ́langba ò kà á sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀.

Nípa owó oògùn: NICE, àjọ tó ń yẹ oògùn wò, ló ń sọ èyí tí NHS máa rà ní England, nọ́ńbà irú èyí sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò, àmọ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n kó jọ ni. Nínú ìwé ìlànà wọn ti 2022, wọn kò tilẹ̀ yan fọ́ọ̀mù kan pàtó fún ọmọdé. Ẹ má bẹ̀rù pé máàkì “díẹ̀” tí ọmọ yín fi síbẹ̀ ló máa gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ má ní kó yí ìdáhùn rẹ̀ padà, ẹ̀yin náà ẹ má yí tiyín kó lè bára mu. Ẹ jókòó síbi tí kò ti ní máa wo ojú yín bó bá ń máàkì. Ẹ wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé “púpọ̀” tó fi sí ìbànújẹ́ yẹn ń jẹ yín lọ́kàn, kí ó bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì béèrè bóyá sáíkólójísìtì wà lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Nílé, ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́ ògiri. Bó bá ní “kò sí nǹkan kan, Mummy”, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún gbìyànjú lọ́jọ́ mìíràn nínú mọ́tò, níbi tí ojú yín kò ti ṣe kòǹgẹ́.

Ní ti àwọn òru orí àga, fọ́ọ̀mù tó ń béèrè tòní nìkan kò lè rí wọn. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí kíráísìs dé, ibi tó ti ń ro ó, wákàtí tó fi ṣe é, oògùn tó lò àti iye ọjọ́ tí kò fi lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé fún dókítà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù méjèèjì.