Ọ̀gá mi jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin: ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé tó gbé wá?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì kan l'Ékòó, láìgba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀gá mi jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo béèrè, ó ní kí n má wá mọ́. Ó ti wá gbé ìwé kan wá báyìí, pé tí mo bá fọwọ́ sí i, òun á san owó oṣù méjì. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Iye tí wọ́n fẹ́ san á wà lókè gàdàgbà, nísàlẹ̀ ni wọ́n á fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé, "Mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan mọ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ yìí." Ìlà yẹn ló máa gbé owó oṣù méjì tó kù lọ. Tó bá fẹ́ san díẹ̀, ẹ gbà á, àmọ́ rìsíìtì yín ni kẹ́ ẹ kọ: "Mo gba owó oṣù méjì, ó ku méjì."

Ti ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ọ̀gá ni òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kó kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló rúfin, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀rí yín wà nínú fóònù: alaàtì owó oṣù àtẹ̀yìnwá, ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kẹ́ ẹ ní sùúrù, òun á san. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lónìí, torí fóònù a máa sọnù. Kẹ́ ẹ sì gba sítétímẹ́ǹtì ní báńkì.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò béèrè. Ẹni tó ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí wọ́n fi sọ fún un ṣáájú kí wọ́n tó dá a dúró. Àyàfi tí wọ́n bá ká ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi owó ọ̀sẹ̀ méjì kún un.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ 14 kó fi san owó náà. Tí kò bá dáhùn, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é, wọ́n á sì bá yín parí rẹ̀. Ẹ má kó ọlọ́pàá lọ bá a. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Tí ọ̀gá yín bá kọ̀ tí kò wá sí Centre yẹn, ó di National Industrial Court. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó oṣù. Tí ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ bá Office of the Public Defender, àwọn lọ́yà ìjọba Èkó tó ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó.

Tẹ́ ẹ bá sì jókòó láti parí ẹ̀, ẹ má gba "màá san díẹ̀díẹ̀". Ọjọ́ àti iye tó máa san nígbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.